Àṣàkẹ́, Nítorí Ọ̀bẹ Tó Gé Ọ Lọ́wọ́

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò àtàǹpàkò tó o fi aṣọ funfun dì bí ẹni wé gèlè. Pẹ̀lẹ́ o. Kí n má parọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, àfìgbà tí mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e ni mo tó mọ̀ pé ó wọlé jinlẹ̀. O ní láti òní lọ, ọ̀bẹ kan ò tún ní mú mọ́ nínú ilé rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó ti bébà, torí ohun tó wà níbẹ̀ ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ. Ọ̀bẹ tó gé ọ yẹn ò mú. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ńṣe ló yọ̀ lórí èèpo tòmátì. Ọ̀bẹ tó mú kì í yọ̀, ibi tó o bá gbé e lé ló ti máa wọlé. Èyí tó ti kú la máa ń fi agbára tì, agbára yẹn náà ló sì ń gbé e wá bá ọwọ́.

Mi ò sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá o. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí mo ti ra òkúta ìpọ́nbẹ àwọn ará Jàpáànì, ìyà lásán ni mo sì fi oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ. Màá pọ́n, pọ́n, pọ́n, apá á máa ro mí, ọ̀bẹ á máa dán bíi dígí, kò sì ní gé bébà. Mo tiẹ̀ da òróró sí òkúta náà lára, torí mo ti rí ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé òkúta tirẹ̀ ló ń lo òróró, tèmi omi ló ń mu. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ojú ibi tí mo da òróró sí ṣì ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mò ń lò.

Láyé àtijọ́, inú àwọn òkè tó wà ní agbègbè Kyoto ni wọ́n ti ń wa irú òkúta yìí. Wọ́n ṣì ń tà nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wà á ti kógbá sílé, owó rẹ̀ sì ga. Àfọwọ́ṣe ni èyí tí èmi àti ìwọ máa rà. Hóró líle wẹ́wẹ́ ni, aluminium oxide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi so àwọn hóró náà pọ̀ sì rọ̀. Rírọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn. Bó o ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, hóró tó ti kú á máa ṣí kúrò, tuntun tó mú á máa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Òun ló fi ń yára jẹ irin. Òun náà ló fi jẹ́ pé àárín òkúta máa ń jẹ kòtò tó bá yá, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, wàá rí nọ́ńbà lára rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó. Láti 400 wálẹ̀ ni wọ́n ń pè ní arato, ti ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti ya pátápátá nìyẹn. Nakato ni láti bíi 800 dé 2000, shiageto tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti 3000. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó mẹ́ta mẹ́rin lé ọ lọ́wọ́. Ra nakato 1000 kan ṣoṣo, kó o mọ̀ ọ́n lò. Tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, tó o wá fẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ dán sí i, ìgbà yẹn lo tó máa wá òmíràn.

Rì í sómi ná, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti wọnú omi báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ jáde ní ìfófòó kéékèèké, ìlà ìlà, bíi pé ẹja kan fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìfófòó bá dáwọ́ dúró, ó ti mu yó nìyẹn. (Àwọn kan wà tí kò fẹ́ rírì, tó jẹ́ pé kéèyàn kàn wọ́n omi sí wọn lójú ló tó. Ka bébà tó bá a wá.) Gbé e lé orí aṣọ ìnura tó tutù kó má baà máa rìn, kó o sì gbé abọ́ omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí o bá ń pọ́n, ẹrẹ̀ dúdú kan á máa jáde. Má ṣàn án nù o! Èmi a máa ṣàn án nù nígbà yẹn, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Hóró tó ṣí kúrò lára òkúta wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sì ń bá ọ ṣiṣẹ́. Tó bá ti fẹ́ gbẹ, kán omi díẹ̀ sí i.

Wọ́n á sọ fún ọ pé dígírì 15 ni kó o gbé ọ̀bẹ àwọn ará Jàpáànì sí lápá kọ̀ọ̀kan, torí irin rẹ̀ le, kó o gbé irú ti Jámánì tí irin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ sí bíi 20. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń wo dígírì nílé ìdáná? Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kó o wò. Bí ọ̀bẹ rẹ bá fẹ̀ tó mìlímítà 45, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí òkúta ní mìlímítà 12, o ti wà ní dígírì 15 nìyẹn. Bó bá jẹ́ mìlímítà 15, ó ti dé dígírì 20. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kó má yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Fi máákà dúdú kun ẹnu ọ̀bẹ, fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀mejì péré, kó o wò ó. Bí dúdú bá ṣì kù ní ẹnu gan-an, tó jẹ́ apá òkè ẹnu ló ti ṣí kúrò, o gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló ṣí, o gbé e sókè jù. Tó o bá ti dé ibi tó ti ń ṣẹ́ kọrọdọ lọ sí ṣóńṣó, gbé èèkù sókè díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta ò ní kan ibẹ̀.

Wàyí o, ohun tó fìyà jẹ mí lóṣù méjì yẹn nìyí. Kíkà ni mò ń kà. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n fà á ní ìgbà 20 lápá ọ̀tún, 20 lápá òsì, ó parí. Mo ń ka ogún bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣé ọ̀bẹ mọ ogún ni? Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni bóyá òkúta ti jẹ ẹ́ dé ẹnu tàbí kò tíì jẹ ẹ́ débẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, irin tó wà ní ẹnu á tín-ín-rín débi pé kò ní lè dúró mọ́, á tẹ̀ sí òdì kejì, á wá di irun kan tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí. Kaeri ni àwọn ará Jàpáànì ń pe irun yẹn, ìyẹn ni pé ó yí padà. Bí kaeri ò bá tíì jáde, o ò tíì pọ́n nǹkan kan, kódà bó o ti fà á nígbà 200.

Bí mo ṣe ń wá a nìyí. Màá pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan, màá nu ọ̀bẹ gbẹ, màá gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀gbẹ́ kejì tí mi ò tíì pọ́n, màá wá rọra fà á láti apá ẹ̀yìn ọ̀bẹ wá sí ẹnu, títí táá fi jábọ́ kúrò lára irin. Mi ò jẹ́ fi ìka tọ ẹnu ọ̀bẹ gùn lọ bí ẹni ń tọ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tún di aṣọ funfun. Bí kaeri bá ti wà níbẹ̀, á há ìka díẹ̀, bí irùngbọ̀n tí wọ́n fá lánàá. Màá wò ó ní ìdí, ní àárín, ní ṣóńṣó. Ibi tó bá ń yọ̀ kalẹ̀ láìhá, ibẹ̀ ni màá tún padà sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án láti ìdí dé ṣóńṣó, mo kígbe débi tí àwọn ará ilé fi sáré wá, wọ́n rò pé mo ti gé ara mi.

Lẹ́yìn náà ni màá yí i, màá pọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì títí kaeri á fi ṣí padà sí ti àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, màá dín agbára kù. Ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, ọwọ́ á máa fúyẹ́ sí i títí tó fi jẹ́ pé ìwúwo ọ̀bẹ nìkan ló kù. Màá wá ká ìwé ìròyìn lé orí òkúta, màá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣáájú, ẹnu á máa tẹ̀ lé e, kí irun tó kù lè bọ́. Má fo ibẹ̀. Ọ̀bẹ tí kaeri ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ á gé bébà fún ọ lónìí, wàá máa yangàn, tó bá fi máa di ọ̀la irun náà á ti tẹ̀, ọ̀bẹ á tún ti kú.

Ti kòtò àárín òkúta tí mo ní mò ń bọ̀ wá síbẹ̀: fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sójú òkúta lóòró àti ní ìbú, tẹ́ sáńpépà olómi sórí gíláàsì tó tẹ́jú, kó o gbo òkúta lórí rẹ̀ títí gbogbo ìlà fi máa pa rẹ́. Ìlà tó bá kẹ́yìn ní àárín ló máa fi ibi tí kòtò wà hàn ọ́. Tó o bá ṣe tán, gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, má sá a sóòrùn, ó lè sán. Kó o sì bá mi gbé pátákó gíláàsì tó o fi ń gé nǹkan yẹn jù nù. Mo rí i lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ nínú fọ́tò. Òun ló ń pa ọ̀bẹ rẹ.

Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, pè mí lórí fídíò kí n máa wo bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe gbé sókè. Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kan òkúta kankan títí àtàǹpàkò yẹn á fi jinná dáadáa, torí òun gan-an lo máa fi wá kaeri.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ