Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ to owó wẹ́wẹ́ yín. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbà á

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ owó wẹ́wẹ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Láti Mushin dé Oyíngbò, láti Ìdúmọ̀tà dé Ọbáléńdé, ariwo kan náà ló ń lọ látàárọ̀ dalẹ́: “Mi ò ní ṣéńjì o!” Síbẹ̀, bí oníbàárà bá ka ₦50 ogún ẹyọ sílẹ̀ fún ọjà ₦1,000, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á fojú burúkú wò ó, àwọn mìíràn á ní kó kó o padà. Ẹni tó ń wá ṣéńjì kiri kò yẹ kó máa lé ẹni tó gbé e wá bá a. Àmọ́ ẹni tó gbé e wá náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò ńlẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ní abala 20 pé ẹni tó bá kọ̀ láti gba náírà nígbà tí wọ́n fi sanwó fún un ti dáràn: ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà nídìí ẹ̀. Òfin náà kò yọ ₦5, ₦10 tàbí ₦20 sílẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní “a kì í gba múrí níbí” ń sọ ohun tí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ti owó onírin, ìyẹn 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2 tí wọ́n gbé jáde lóṣù kejì ọdún 2007, ọjà ló pa á tì fúnra ẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi ₦2 rà lónìí? Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń san án. Ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yọwó. Bí ẹ bá ti ná ọjà tán, kí ọlọ́jà tó wọn gààrí sínú ọ̀rá, ó yẹ kó ti mọ irú owó tó wà lọ́wọ́ yín. “Ìyá, owó wẹ́wẹ́ ni mo mú wá o, ₦50 ni gbogbo ẹ̀.” Ìyẹn ti tó. Bákan náà ni fún ẹni tó mú owó ńlá dání: “₦1,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé ẹ máa rí ṣéńjì ₦700?” Ẹni tó bá dákẹ́ títí ata fi wọ inú ẹ̀rọ ti há oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà mọ́, torí ata tí wọ́n ti lọ̀ kò ṣeé dá padà, kò sì ṣeé tà fún ẹlòmíràn.

Láti ilé ni kí ẹ ti to owó náà. ₦50 lọ́tọ̀, ₦100 lọ́tọ̀, kí ojú gbogbo wọn kọ síbì kan náà, Wàsóbíà sí Wàsóbíà, Awólọ́wọ̀ sí Awólọ́wọ̀. Ẹ dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: ẹ na mẹ́sàn-án gbọọrọ, kí ẹ ká ìkẹwàá gbá wọn mọ́ láàárín. Ìdì ₦50 kan di ₦500, ìdì ₦100 kan di ₦1,000, ọlọ́jà á kàn ka ìdì ni. Rọ́bà ni kí ẹ fi dè é. Ẹ má fi pín-ìn gún un, torí ojú ihò pín-ìn ni owó bébà ti máa ń ya. Owó ọlọ́rá, láti ₦5 dé ₦50, kì í ya bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí etí ẹ̀ bá ti gé díẹ̀ báyìí, wẹ́rẹ́ ló máa ya dénú. Àwọn kan máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó lè nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Iná máa sún un kì, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín mọ́.

Nínú kíkà ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Bí ẹyọ owó kan bá ká sí méjì sínú ìdì, tí èèyàn wá ń fi àtàǹpàkò ka etí ẹ̀ lọ, ẹyọ kan yẹn á ka bíi méjì, ọlọ́jà ló sì máa pàdánù. Bí omi ẹja tàbí òógùn bá mú méjì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á kà á ní ẹyọ kan, oníbàárà ló máa pàdánù. Ìdí rèé tí àwọn àgbà ọjà fi ń ka owó wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á ka etí kan tán, wọ́n á yí ìdì náà po, wọ́n á tún ka etí kejì. Bí iye méjèèjì ò bá bára mu, owó kan wà níbẹ̀ tó ká tàbí tó lẹ̀. Oníbàárà tó bá ń bínú pé “ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?” kò mọ̀ pé ìkà kejì yẹn lè gba òun náà lọ́wọ́ òfò. Kí òun náà ka ṣéńjì ẹ̀ lójú ọlọ́jà kó tó kúrò lórí ìsọ̀. Bó bá ti wọ àpò, tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọjà, kò sí bó ṣe fẹ́ fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ mọ́.

Mélòó ló pọ̀jù? Lójú tèmi, ogún ẹyọ ni ìwọ̀n fún ọjà orí ìsọ̀. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. ₦5,000 tó jẹ́ ₦50 nìkan, ọgọ́rùn-ún ẹyọ ni, odindi ìdì kan bí báńkì ṣe ń dì í. Ẹ má gbé irú ẹ̀ lọ bá oníbúrẹ́dì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí èrò ti tò sẹ́yìn yín. Oní-POS ni kẹ́ ẹ gbé e fún, tàbí ẹni tó ń tajà lósùnwọ̀n, tó ní ọmọọṣẹ́ tó lè jókòó kà á. Àárọ̀ ni owó wẹ́wẹ́ dáa jù fún ìyá aláta àti olóúnjẹ, torí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló máa gbé ₦1,000 wá. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ bá ẹni tí kò tíì tajà pé kó bá yín ṣẹ́ owó. Bó bá ní “mi ò tíì tà”, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Inú dánfó ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Kọ̀ńdọ́ ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, tó fi ₦1,000 wọlé láìsọ nǹkan kan, òun ló jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀bi kọ̀ńdọ́ tó ń so èrò pọ̀ tún ju tiẹ̀ lọ. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ ₦500, èèyàn méjì sì fún un ní ₦1,000 kọ̀ọ̀kan. Á na ₦1,000 kan padà fún ọ̀kan nínú wọn: “Mo so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ o!” Ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà, èkejì ń lọ sí Yábàá. Ẹni tó ń lọ sí Yábàá á wá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ, wọ́n á jọ máa ra píọ̀ wọ́tà tí òùngbẹ ò gbẹ wọ́n kí wọ́n lè rí owó pín. Kọ̀ńdọ́ tí kò bá ní ṣéńjì, kó so àwọn tó ń bọ́ síbùdókọ̀ kan náà nìkan, kó sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Èrò tó bá ní owó wẹ́wẹ́ lápò lè yanjú ẹ̀ kíá: kó fi ₦500 méjì gba ₦1,000 yẹn, ó parí. Bí ìlà yín bá jọ ń kó owó ọkọ̀ jọ, ẹni tó máa nawọ́ owó náà sí kọ̀ńdọ́ gbọ́dọ̀ sọ mẹ́ta: èèyàn mélòó ni, eélòó ni gbogbo ẹ̀, ta ló ní ṣéńjì. Ọkọ̀ BRT àti rélùwéè tó ń ti Marina lọ sí Mile 2 ti bọ́ nínú ìyọnu yìí, káàdì Cowry ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ilé ìtajà ńlá àti ilé oògùn, ẹ yéé fún wa ní súwíìtì dípò ṣéńjì. Bí mo bá kó súwíìtì mẹ́wàá padà wá lọ́la, ẹ ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Bí ₦30 ò bá sí, ẹ bi oníbàárà bóyá kẹ́ ẹ dín owó ọjà kù, tàbí kó mú nǹkan tóun fúnra ẹ̀ fẹ́. Tiransífà náà wà, ọ̀wọ́n owó ọdún 2023 ti kọ́ púpọ̀ nínú wa bí wọ́n ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dúró de áláàtì báńkì nítorí ata ₦300.

Níbo ni ọlọ́jà ti fẹ́ rí ṣéńjì? Ẹ̀rọ ATM kì í pọ owó kéékèèké, ₦500 àti ₦1,000 ló sábà máa ń jáde nínú ẹ̀. Àwọn kan ń tà á ní gáréèjì, wọ́n á gba ₦1,000 lọ́wọ́ yín, wọ́n á yọ tiwọn nínú ẹ̀. Abala 21 Òfin Báńkì Àpapọ̀ yẹn kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má fi náírà ṣòwò. Ẹ lọ bá akápò ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tàbí akápò mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Owó wẹ́wẹ́ ló kún ọwọ́ wọn, owó ńlá ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí báńkì. Pàṣípààrọ̀ lásán ni, kò sí èrè lórí ẹ̀. Bí ẹ bá sì ń palẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́, ẹ yọ ₦50 mẹ́wàá, ₦100 mẹ́wàá àti ₦200 márùn-ún sọ́tọ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. ₦2,500 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bá èyí tẹ́ ẹ máa fi dá àjọ lọ.

Ó ku èyí tó ya. Ẹ má tì í sáàárín ìdì. Òkè ni kẹ́ ẹ fi í sí, kí ọlọ́jà rí i, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà á. Bó bá ti ya dé ibi tí nọ́ńbà ara ẹ̀ ò ti hàn mọ́, báńkì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó