Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀ka Igi Kan Ara Wọn Lókè Títì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gbẹ́ títì ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ ibi tí mo ti fẹ́ mú un jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ní Costa Rica, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà Àárín Gbùngbùn, ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní sloth. Orí igi ló ń jẹ, orí igi ló ń sùn, orí igi ló ń bímọ sí. Èékánná rẹ̀ gígùn ló fi ń kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á dorí kodò. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, wọn á máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rọra ń ṣe gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyí tí ojú mi fi ń lọ síbòmíràn: wáyà iná wà lára ohun tó ń pa ẹranko yìí jù lọ níbẹ̀.

Sloth kì í fò. Ọ̀bọ lè fò láti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn, ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń fò, ti sloth kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Agbára tó wà nínú ewé kò tó nǹkan, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ewé tó jẹ tó dà nínú rẹ̀, torí náà iṣan ara rẹ̀ kéré. Bó bá fẹ́ ti orí igi kan dé orí èkejì, àfi kí ẹ̀ka igi méjèèjì kanra, kó na ọwọ́ di èyí tó wà níwájú mú kó tó tú ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe ibi tirẹ̀ rárá. Èyí tó ní ìka mẹ́ta nínú wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti yàgbẹ́ nídìí igi, ọwọ́ ló sì fi ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, torí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbé e. Bí ajá bá bá a níbẹ̀, ó tán. Àmọ́ lókè, nínú igbó tó pé, ìrìn pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń gbà á là. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lójú omi ń hù sínú irun rẹ̀, yóò wá jọ ewé, ẹyẹ idì ńlá tó ń wá ohun tó ń mira kò ní tètè rí i.

Àwọn èèyàn wá la títì, wọ́n gé igi, wọ́n ri òpó. Sloth dé etí igbó, kò bá ẹ̀ka níbẹ̀ mọ́, wáyà ló bá, ó sì dì í mú bí ìtàkùn. Ẹni tó bá ti gun òpó rí mọ̀ pé wáyà kan ṣoṣo kì í pa ẹyẹ tó bà lé e. Ìgbà tí ara bá kan wáyà kejì, tàbí tó kan irin òpó, ni iná ń gba inú ara kọjá. Apá sloth gùn, gbogbo ìrìn rẹ̀ sì ni kó máa na ọwọ́ síwájú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àdán la sábà máa ń bá lókùú lórí wáyà lágbègbè wa níbí, tí apá rẹ̀ ti kan wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ikú kan náà ni. Kì í ṣe ohun tó dùn ún wò.

Àwọn ará Costa Rica kò káwọ́ gbera. Lọ́dún 2021, wọ́n fi òfin sọ sloth di ọ̀kan lára àmì orílẹ̀-èdè wọn. Àjọ Sloth Conservation Foundation ń ta okùn nínípọn láti orí igi sí orí igi lókè títì kí ẹranko lè gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń gbin igi síbi tí igbó ti já. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti oko kòkó. Àwọn onímọ̀ ṣèwádìí níbẹ̀, wọ́n rí i pé sloth ń gbé nínú oko kòkó tí àgbẹ̀ ti dá igi ńlá sí láti ṣíji bo kòkó rẹ̀. Àgbẹ̀ ń ká kòkó nísàlẹ̀, ẹranko ń jẹ ewé lókè.

Àwa náà ní ẹranko tí kì í fò. Akíka orí igi ń bẹ nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, sì fi kún àwọn igbó tó yẹ kí aráyé tọ́jú lọ́dún 1977. Akíka kò ní eyín, èèrà àti ikán ló ń jẹ, ìrù ló fi ń di ẹ̀ka mú. Ọmọ kan ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á gun ìdí ìrù ìyá rẹ̀ kiri. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ kò, ìpẹ́ á bo ikùn rẹ̀. Ìyẹn ń gbà á lọ́wọ́ ẹranko tó bá fẹ́ pa á jẹ, kò gbà á lọ́wọ́ táyà mọ́tò àti àpò ọdẹ. Lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò pé kí òwò akíka láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dópin, oríṣi mẹ́jọ̀ọ̀jọ. Síbẹ̀ a ṣì ń rí i tí wọ́n gbé e kọ́ fún títà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ fẹ títì níbi tó gba inú igbó tàbí oko kòkó kọjá, kí wọ́n má ṣe gé ìhà méjèèjì kanlẹ̀. Kí wọ́n dá igi ńlá sí ní méjì-méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ẹ̀ka wọn yóò pàdé lókè. Wọ́n á ní wáyà kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe! Ẹ̀ka tó bá sún mọ́ wáyà nìkan ló yẹ kí wọ́n rẹ́ kí òjò tó dé, kì í ṣe kí wọ́n wó igi lulẹ̀ látìdí. Wáyà tí rọ́bà bò sì wà lọ́jà, èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní èèyàn ò tíì jẹun yó, bàbá kan ń sọ̀rọ̀ akíka. Òótọ́ ni ebi ń pa wá. Ṣùgbọ́n bí a bá tiẹ̀ ní ká ta okùn sókè títì bíi ti Costa Rica, owó rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì, igi tí a bá dá sí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí iléeṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ igbó àti èyí tó ń ṣe títì, kí ó bi wọ́n léèrè iye igi tí wọ́n ti sàmì sí fún gígé kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí igi bá ti lọ, tí wọ́n bá fẹ́ ta okùn, èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ òkè tí kò ní já. A ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó máa gun igi náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì oníná,
Aké, Abẹ́òkúta.