Alexa àti Google ń figagbága, Yorùbá wá ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn sípíkà tó ń gbọ́ràn táwọn ọmọ wa ń kó wálé látòkè òkun yìí ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti ń wọ Adó àti Ìdó náà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kàn sọ pé kó tanná á tanná, kó kọrin á kọrin. Amazon ló kọ́kọ́ gbé sípíkà Echo tí Alexa, ohùn tó ń dáni lóhùn, wà nínú ẹ̀ jáde ní 2014, Google tẹ̀lé e ní 2016, HomePod ti Apple ò sì dọ́jà àfi 2018, bẹ́ẹ̀ Siri, ohùn tiwọn, ti wà nínú fóònù láti 2011.

Pálọ̀ wa ni ìjà wọn wá ń bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù á ra Echo fún màmá, àbúrò tó wà ní Kánádà á ra ti Google, ẹlòmíì á tún lọ ra gúlóòbù tó jẹ́ pé Siri nìkan ló ń dá lóhùn, ni gbogbo ẹ̀ á bá dàrú. Lóòótọ́ wọ́n ti jọ ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Matter ní 2022, kí gúlóòbù kan lè máa gbọ́ ti gbogbo wọn, torí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì ra ínfátà mọ́ ọn sha.

Èyí tó ń dùn mí gan-an ni ti èdè. Alexa ti ń gbọ́ Híńdì láti 2019, Google tiẹ̀ ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, kì í kúkú ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ará Íńdíà jù wá lọ, ọjà ibẹ̀ ni wọ́n ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Yorùbá ńkọ́? Echo ò gbọ́, HomePod ò gbọ́, ká má tíì wá dé orí èdè Èkìtì. Màmá tí orúnkún ò jẹ́ kó dìde lọ paná, tó jẹ́ pé òun gan-an ni nǹkan yìí wúlò fún, òun ni wọ́n ní kó máa fi òyìnbó bẹ gúlóòbù! Mo ti rí ọmọ-ọmọ tó dúró ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyá àgbà àti sípíkà, bẹ́ẹ̀ ì bá kúkú na ọwọ́ tẹ swíìṣì ọ̀hún.

Ẹ bá wa bi wọ́n nínú ìwé ìròyìn yín, èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá? Torí èyí tó bá ṣáájú ni màá ní káwọn ọmọ mi rà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Adó-Èkìtì