Ìkéde: Ewu Asbestos fún Àwọn Bàbá Wa Tó Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ojúmọ́ o.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn bàbá wa tó sin Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, pàápàá nígbà ogun Vietnam àti ṣáájú rẹ̀, àti àwọn opó wọn. Asbestos, ohun tí iná kì í jó tí eruku rẹ̀ léwu, ni wọ́n fi wé páìpù àti bọ́ílà inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀, nídìí ẹ́ńjìnnì, ló fa eruku rẹ̀ símú jù.

Àìsàn tó ń fà, bíi mesothelioma (jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró) àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, lè fara pamọ́ fún ọdún 20 sí 50. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé ó ti pẹ́. Bí ẹ bá ń wúkọ́ tí kò lọ, tàbí tí ẹ ń mí gúlegúle, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ fẹnu ara yín sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú ọkọ̀, torí dókítà lè má béèrè. Ẹni tó ń mu sìgá, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Sìgá a máa sọ ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró di ńlá.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, lórí Zoom, a máa jọ kọ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ sí VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Ẹ mú DD-214 (ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò nínú iṣẹ́ ológun), èsì àyẹ̀wò, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí ẹ lò níbẹ̀ dání. Kí àwọn opó mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ikú. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìbéèrè náà, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́