Ìborùn Ìyá Àgbà

Ẹ̀pẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú otútù Jos. Ọjà Olúwo ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, n kò tíì sọ ẹja kalẹ̀ tí mo fi jókòó kà á. Ohun tí o fi tó wa létí dùn mọ́ èmi àti bàbá rẹ. N kò ní í sọ ọ́ jáde sínú ìwé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìborùn tí Ìyá Àgbà hun ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O ní kòkòrò ti dá ihò sí i lójú mẹ́ta, o ò lè dà á bora mọ́, o ò sì lè jù ú nù. O ní bí o bá tú u, ṣe ni yóò dà bíi pé o ba iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́. Ọmọ mi, tú u. Èmi tí wọ́n bí ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé súwẹ́tà ni ìborùn yẹn kó tó di ìborùn. Ìyá Àgbà ló fọwọ́ hun ún fún bàbá mi. Bàbá mi ń wọ̀ ọ́ lọ sójú ọ̀sà ní ìdájí nígbà ọyẹ́, títí ìgúnpá rẹ̀ fi já. Ni wọ́n bá tú u. Èmi ni mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú tí wọ́n ń ká òwú náà yí i. Apá ro mí dé ibi pé mo sunkún, wọn ò dá mi sílẹ̀. Òwú náà kò tó ìborùn, ni wọ́n bá ra funfun kún un. Òun lo rí létí rẹ̀ yípo. Ọwọ́ wọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ tú u, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, dì í sínú ọ̀rá, kó o gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí iná bá ń dúró ládùúgbò yín. Ẹyin kòkòrò tó bá kù níbẹ̀ á kú. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni òwú ti ń tú, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀; bó o bá fà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ni yóò máa lọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Etí funfun yẹn ni wọ́n hun gbẹ̀yìn, òun ni kó o kọ́kọ́ tú. Ìyá Àgbà a máa fi orí òwú pamọ́ sáàárín iṣẹ́, nítorí náà fara balẹ̀ wá a lójú ọ̀sán, má tètè gbé àlùmọ́gàjí. Níbi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́, yóò já. Ká èyí tó gùn lọ́tọ̀, kó o ká kúkúrú lọ́tọ̀.

Òwú tó o bá tú yóò rí kólokòlo bí Indomie. Ká a yí ẹ̀yìn àga, so ó níbi mẹ́rin kó má baà lọ́ pọ̀, kó o wá rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Má fún un bí aṣọ. Rọra tẹ omi ara rẹ̀ dànù, kó o fi kọ́ síbi ìbòòji. Tó bá fi máa gbẹ, á ti nà.

Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe rèé, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ dáadáa. Lọ́dún tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, mo tú kádígán kan, mo da omi gbígbóná sí i, mo wá ń gbo ó bí ẹni ń fọ aṣọ iṣẹ́. Wúùlù gidi kì í gba ooru àti gbígbo pa pọ̀. Gbogbo rẹ̀ dì mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fún oṣù mẹ́ta, kò sì sí ọgbọ́n tó lè tú u mọ́. Òwú tó tó súwẹ́tà ọmọ méjì ni mo pàdánù. Ó ṣì ń dùn mí.

Funfun yẹn, n kò rò pé wúùlù ni. Já díẹ̀, kó o fi iná kàn án lórí àwo. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ lábẹ́ ìka, wúùlù ni. Bó bá yọ́ tó di kókó líle, onírọ́bà ni. Yà á sọ́tọ̀, torí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ nà án.

Wúùlù tó bá já, má ta kókó sí i. Tú orí méjèèjì díẹ̀, fi omi tàbí itọ́ rin ín, gbé wọn lé ara wọn, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ ran án títí yóò fi móoru. Ooru àti gbígbo tó ba tèmi jẹ́ lọ́jọ́sí náà ni yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀ fún ọ.

Má ṣe retí ìborùn mìíràn nínú rẹ̀. Fìlà, ibọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà kékeré kan ni kó o fọkàn sí. Wúùlù a máa yún ọmọ tuntun lára, nítorí náà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Máa yí inú ibọ̀sẹ̀ síta wò dáadáa: fọ́nrán òwú kan péré lè wé mọ́ ọmọ ní ìka ẹsẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má lè débẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá ń sunkún tí a ò mọ̀dí, ẹ wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ wà níta, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ibi tó bá lọ́, kó o má fi agbára fà á; kó o tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó o máa tẹ̀ lé òwú kan ṣoṣo.

Òwú funfun náà, má jù ú nù. Dì í sínú ọ̀rá, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé nígbà Iléyá. Mo fẹ́ fi hun fìlà kan, èmi fúnra mi ni n ó sì gbé e wá sí Jos nígbà tí àkókò bá tó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ