Lẹ́tà Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́, Ìparí Sáà Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sáà yìí láyọ̀, tó sì jẹ́ ká parí rẹ̀ láìsọ ọmọ kankan nù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ogun ọmọ.

Èsì ìdánwò wà nínú àpòòwé tí ọmọ yín mú bọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ dá a padà lọ́jọ́ ìwọlé. A ó wọlé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife ẹ̀yẹ níbi eré ìdárayá. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì yóò máa wá fún ẹ̀kọ́ àfikún láti ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi, aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ dání. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Owó kan ṣoṣo tó jẹ́ tuntun ni ₦2,500 fún ilé-ìkàwé. N óò sọ̀rọ̀ lé e lórí, torí mo mọ̀ pé ó wà lára ohun tó ń bí àwọn kan nínú.

Ohun tó mú kí lẹ́tà yìí gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn tí a jáde ní aago méjì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta láti kíláàsì karùn-ún kò lọ sílé. Láfẹ́nwá ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá Odò Ògùn. Bísíkíìtì, omi inú ọ̀rá mẹ́ta àti ₦600 ni wọ́n mú dání. Ọ̀kan nínú wọn kọ ìwé sílẹ̀ sínú tábìlì rẹ̀ pé, “A ti lọ sọdá odò bíi Chike. A máa dé kílẹ̀ tó ṣú.” Chike yìí ni ọmọkùnrin inú ìwé ìtàn tí tíṣà wọn ń kà fún wọn. Ìwé yẹn ni tíṣà rí nígbà tí ìyá ọmọ kan pè wá ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ká tó sáré débẹ̀, ìyá kan tó ń ta ẹja lẹ́bàá odò ti dá wọn jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ti bọ́ wọn yó, kò sì jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú òun. Ẹsẹ̀ wọn kò kan omi. Èmi àti àwọn òbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Mo tún ń dúpẹ́ níhìn-ín.

Ti géètì, ẹ̀bi wa ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lọ bá wọn kó àga sínú gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. N kò ní wá àwáwí. Láti ọjọ́ ìwọlé, ọmọ kankan kò ní jáde láìjẹ́ pé ẹni tó wá mú un fi káàdì hàn. Káàdì méjì ni ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹni tó bá gbàgbé tiẹ̀ sílé yóò dúró títí a ó fi pe ilé, kódà bó jẹ́ olóyè ni, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nínú ìpàdé tó tẹ̀lé e, bàbá kan ní kí n kó gbogbo ìwé ìtàn tuntun inú ilé-ìkàwé wa síta kí n dáná sun ún. Ẹlòmíràn ní ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní ìsáǹsá ni. Ìyá kan, tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ dùn mí jù torí pé kò pariwo, béèrè ohun tó dé tí mo fi ń wá ìwé tó jẹ́ pé ọmọkùnrin ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ káàkiri. Ó ní, ṣé àwọn ọmọbìnrin kì í ṣe ọmọ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti ìwé tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá yá ìwé ìtàn sílẹ̀. Ní sáà kan gbáko, orúkọ ọmọkùnrin kíláàsì karùn-ún tó wà níbẹ̀ kò pé márùn-ún. Mo pè wọ́n sí ọ́fíìsì mi, mo bi wọ́n. Mo rò pé wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ni, tàbí fóònù. Ọ̀kan wò mí lójú, ó ní, “Kò sẹ́ni tó dà bíi tèmi nínú ẹ̀, mà.” Mo lọ yẹ pẹpẹ ìwé wò fúnra mi. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọkùnrin inú ìwé tí a ní, bí wọn kò bá jẹ́ ọmọ òyìnbó tó ń ṣeré nínú yìnyín, wọ́n á jẹ́ ọmọ olójúkòkòrò tó jí ẹran nínú ọbẹ̀, tí wọ́n nà, tí ìtàn sì parí. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá tó ń bẹ̀rù tó sì ń fi í pamọ́, tó ṣe àṣìṣe tó sì ń wá bí yóò ṣe tún un ṣe, kò sí níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi wá ìwé nìyẹn. Mo rí Chike and the River tí Chinua Achebe kọ, tó jáde ní 1966: ìtàn ọmọ ọdún mọ́kànlá tó fi abúlé sílẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Onitsha, tí ojú rẹ̀ sì ń wo Odò Ọya títí ọkàn rẹ̀ kò fi sinmi mọ́ lórí à ń dé Asaba. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó èèyàn sọdá níbẹ̀ ni ìtàn náà, kí wọ́n tó parí afárá ní 1965. Mo rí The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi, níbi tí Akin, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran, ti ń fi ìlù rìn láàárín àwọn èèyàn. Èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù ni Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ, ọmọ Ìbarà níhìn-ín, ẹni tó fún wa ní Aláwìíyé. Ọmọkùnrin tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ni Kúyẹ̀. Nígbà tí a ń kà á, ọmọ kan tí kì í panu dé ní kíláàsì fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ ní gbogbo àkókò ìsinmi ráńpẹ́, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe rí fún un. Èmi kọ́ ni mo rán an.

Ẹ wá wo ilé-ìkàwé wa báyìí. Yàrá tí a ń kó àga tó ti já sí tẹ́lẹ̀ ni. Káfíńtà kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì ló kan pẹpẹ ibẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé n kò tíì rí irú rẹ̀ nílé-ìwé tó tóbi jù wá lọ. A tẹ́ ẹní, a ṣí fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, aago méjìlá sí aago kan, Wákàtí Ìwé ni. Tíṣà kíláàsì karùn-ún ló máa ń kà á sókè, ó sì mọ̀ ọ́n kà: bí ohùn bàbá bá dé, ẹ ó gbọ́ bàbá, bí ohùn olè bá dé, ẹ ó gbọ́ olè. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń sá fún ìwé ti ń bá ara wọn jìjà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ yá a lọ sílé. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bí èyí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ibi tí tíṣà dúró sí nínú ìwé ni ibi tí Chike ti rówó ọkọ̀, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Aago lù, ó pa ìwé dé, ó ní ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbéra. Wọn kò tíì gbọ́ pé ọkọ̀ tó kẹ́yìn yóò fi Chike sílẹ̀ sí òdìkejì. Wọn kò tíì gbọ́ pé ilẹ̀ yóò ṣú bá a nílùú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, pé inú ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò sùn, àti pé ohùn àwọn olè ni yóò jí i lójú oorun. Ibi tó dùn ni wọ́n gbọ́. Ìdajì ìwé ló gbé wọn dé Láfẹ́nwá, ẹ̀yin òbí mi. Kí n wá gba ìdajì tó kù lọ́wọ́ wọn?

Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo jókòó ka ìyókù fún gbogbo kíláàsì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú. Nígbà tí mo dé òru inú ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó kéré jù nínú wọn rọra sún mọ́ mi títí ó fi di etí tábìlì mi mú. N kò na ẹnikẹ́ni. Ìjìyà wọn wà: ọ̀sẹ̀ méjì láìjáde ṣeré, àti lẹ́tà ọpẹ́ sí ìyá ẹlẹ́ja, tí wọ́n tún kọ títí kò fi ní àṣìṣe kankan mọ́.

Ẹni tó ní ìwé náà ń kọ́ ọmọ ní ìwàkiwà, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á. Ẹ ó débi tí Chike ti gbé owó kékeré ọwọ́ rẹ̀ fún ọkùnrin tó ní òun lè sọ owó di ìlọ́po, tó sì pàdánù rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọkùnrin wa ń gbọ́ lójú pópó nípa owó òjijì. Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí lórí ìlà ní àárọ̀, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kan rí. Lọ́jọ́ tí a ka ibẹ̀, ìdajì wákàtí ni wọ́n fi jiyàn. Ọ̀kan bi tíṣà léèrè pé, bí ọkùnrin yẹn bá lè sọ owó di púpọ̀ lóòótọ́, kí ló ń fi owó ọmọdé ṣe?

Ọmọkùnrin a sì máa rìn lọ, yálà ó kàwé tàbí kò kàwé. Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ sínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981, bí òun ṣe tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá tó ń fọn fèrè láti Aké títí ó fi bá ara rẹ̀ ní Ìbarà. Abẹ́òkúta yìí náà ni. Kò sí ìwé ìtàn kankan tó rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá tó béèrè nípa àwọn ọmọbìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ sọ òótọ́ kan: nígbà tí mo kéde ìwé tuntun, ti ọmọkùnrin nìkan ni mo dárúkọ. Mo tọrọ àforíjì. Ìwé tí ọmọbìnrin jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ, a kò yọ ọ̀kan kúrò, a ó sì fi kún un ní sáà kẹta. Ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ ka ìwé onílù parí ní kíláàsì karùn-ún. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, ìtàn ọmọkùnrin ni mo kà dàgbà, torí òun ni mo rí. N kò fẹ́ kí ọmọ kankan, yálà akọ tàbí abo, wá ara rẹ̀ nínú ìwé kó má rí i.

Ní ti ₦2,500, ìwé àti ìdìpọ̀ rẹ̀ ni owó náà wà fún, kò sí kọ́bọ̀ kan tó ń wọ owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ yín bá ju méjì lọ níbí, ẹ kò ní san ti ìkẹta. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá rí mi ní ìdákọ́ńkọ́. A kò ní lé ọmọ sílé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kò ní san torí pé òun kò fẹ́ràn ìwé náà, mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìwé náà kò ní kúrò lórí pẹpẹ. Wákàtí Ìwé jẹ́ ara ẹ̀kọ́ wa bí ìṣirò ṣe jẹ́. N kò ní yọ ọmọ kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a yí padà ni pé tíṣà kò ní pa ìwé dé mọ́ síbi tí ewu ti kù díẹ̀ kó dé. Bí aago bá lù, yóò kà á kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ní sáà yìí, ìyá mẹ́fà ló wá kàwé fún àwọn ọmọ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá kan ṣoṣo ló wá. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni, epo ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin ló kà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára rárá. Àwọn ọmọkùnrin kò mira. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ìgbà wo ló tún ń bọ̀. Ìwé tí ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀ sí wà lọ́dọ̀ akọ̀wé mi.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan láti kíláàsì kẹta sókè ti yá ìwé ìtàn kan bọ̀ fún ìsinmi yìí. Ẹ jẹ́ kó kà á sí yín létí, kí ẹ sì rí i pé ó kà á parí. Ẹ má fi í bo ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí àbúrò ya á. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù yóò ra òmíràn. Fọ́tò pélébé méjì fún káàdì géètì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin.

Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,

Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,
Abẹ́òkúta