Ẹ wọn ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbowó àgbàrá

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín tó ní kí àwọn ọmọ wa tó nílé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, kóra jọ, kí wọ́n pe kaúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) wọn lẹ́jọ́ nítorí “owó òjò” tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onílé. Ó béèrè pé ta ló ń gbowó omi tí Ọlọ́run rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ. Larry Hogan pàápàá sọ ọ́ dáadáa nígbà tó ń du ipò gómìnà ní 2014, ó sì wọlé. Àmọ́ àgbàrá ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Omi tó bọ́ sórí òrùlé àti kankéré wa kò ríbi wọlẹ̀ sí, ó wá ń gbá epo mọ́tò, ìgbẹ́ ajá àti ajílẹ̀ lọ sínú odò Anacostia, ó di Chesapeake Bay. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Kí onílé dáwó sí i kò burú lójú tèmi. Bí wọ́n ṣe pín owó náà ní kaúńtì Prince George's, níbi tí èmi àti ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ni mo ní ẹjọ́ sí.

Òfin ìpínlẹ̀ ti 2012 ló fipá mú ìlú Baltimore àti kaúńtì mẹ́sàn-án láti máa gba owó yìí. Kaúńtì Frederick, tí kò fẹ́ ẹ rárá, bu sẹ́ǹtì kan péré lé ilé kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó rúfin. (Ọgbọ́n àgbà nìyẹn!) Ní 2015 wọ́n mú tipátipá náà kúrò, ṣùgbọ́n Prince George's ò dẹ́kun gbígba tirẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ní 2013. Dọ́là 20.58 jẹ́ owó ìṣàkóso, iye kan náà fún gbogbo ẹni tó bá ní ilé tàbí ilẹ̀. Lórí ìyẹn ni dọ́là 20.90 fún sikuéà fíìtì 2,465 kọ̀ọ̀kan tí omi ò lè wọ̀. Ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọn tiwọn. Ilé gbígbé ńkọ́? Wọn ò wọn ọ́n. Ìsọ̀rí ilẹ̀ ni wọ́n wò: ilé alásopọ̀ san 33.12, ilé àdágbé inú ìlú san 41.48, ti ìgbèríko san 62.38. Ẹni tó da kankéré bo iwájú àti ẹ̀yìn ilé kó lè gbé mọ́tò mẹ́fà síbẹ̀, àti opó tó ní yàrá méjì láàárín koríko àti igi, bí ìsọ̀rí wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, iye kan náà ni wọn yóò san. Ilé kékeré ní ìgbèríko sì ń san ju ilé ńlá inú ìlú lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbèríko ni ilẹ̀ tó lè fa omi mu ti pọ̀ jù!

Owó ìṣàkóso yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Nínú 33.12 tí onílé alásopọ̀ san, ó ju ìdajì lọ. Nínú bíìlì ilé ìtajà ńlá, ta ló máa rí i? Kò sì sí ohun tí olówó kékeré lè ṣe sí àgbàlá rẹ̀ tí iye yẹn yóò fi dín.

Wọ́n lè ní wíwọn ilé kọ̀ọ̀kan yóò náni lówó. Àmọ́ kaúńtì Montgomery tó bá wa pààlà ti pín ilé gbígbé sí ìpele méje láti 2013, gẹ́gẹ́ bí òrùlé àti kankéré ilé kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Ilé tí tirẹ̀ kò ju sikuéà fíìtì 1,000 lọ ń san nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ilé àárín ń san.

Àwọn ènìyàn ti fi ètò ẹ̀dínwó tí kaúńtì ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an, pé pásítọ̀ ń wàásù nípa àgbàrá kí owó lè dín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìdá márùn-ún-lé-lógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà fún ìtọ́jú ọgbà, ṣùgbọ́n ìdajì gbáko ni fún ìjọ tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ kí kaúńtì ṣe ohun tí yóò gba omi dúró síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní sikuéà fíìtì 50,000 ọ̀dà yóò san ju 400 dọ́là lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi àti alẹ́ ìṣọ́ òru, mọ́tò kì í sí lórí ọ̀pọ̀ ọ̀dà yẹn. Kí àwọn ìjọ gba ẹ̀dínwó wọn. Àmọ́ onílé tó bá fẹ́ ra àgbá omi òjò tàbí hú kankéré rẹ̀ lábẹ́ ètò kaúńtì tí wọ́n ń pè ní Rain Check ní láti kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀ kí wọ́n tó san án padà. Ta ni nínú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló rí irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

Kí ìgbìmọ̀ kaúńtì wọn ilé wa, kí wọ́n sì pín owó ìṣàkóso gẹ́gẹ́ bí òrùlé àti kankéré ṣe tó. Oṣù Keje ni ọdún ìsúná wọn ń bẹ̀rẹ̀, ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ẹ̀yin ará wa ní Lanham àti Hyattsville, ẹ mú bíìlì owó orí ilé yín dání bí ẹ bá ń bọ̀, inú rẹ̀ ni owó àgbàrá wà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Onílé kan ní Lanham, Maryland